Aago Èémí Lọ́nà Ẹ̀pẹ́

Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ti rìn jìnnà, ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, n kò sì rí ọ̀kẹ́rẹ́ kankan tó yọ iké. Omi ni mo rí. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ mọ omi. Odò Ògùn tí à ń fẹsẹ̀ là kọjá lọ́gbẹlẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ rẹ̀ níwájú mi fún ìgbà díẹ̀ ná. Omi tí mò ń wí yìí, ẹ ó dúró létí rẹ̀ láàárọ̀, ẹ kò ní mọ ibi tó parí sí àti ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi á kọjá láàárín méjèèjì, ẹ ó rò pé inú òfuurufú ló ń gbà lọ. Ọ̀sà ni wọ́n ń pè é. Mo wò ó títí orí mi fi fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi ló gbé mi kúrò nílé. Gbogbo yín mọ̀ mí, èmi Làmídì tó ń tún aago ṣe lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Ẹ mọ Sàbítíyù ìyá mi pẹ̀lú. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, pé bàbá mi tó ń kó aṣọ òfì lọ tà níbẹ̀ ló fẹ́ ẹ wálé nígbà tó ṣì wà ní ọmọge. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé kò padà débẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ló fi ìbínú sọ pé bí ó bá bá ará òkè lọ, kó má bojú wẹ̀yìn. Bàbá náà kú, ìtìjú kò jẹ́ kó lọ. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ dé: Rábíátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, ti dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì ń pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tó wá jíṣẹ́ ní bí a bá fẹ́ bá a láyé, ká tètè ṣe.

Ká tètè ṣe! Ẹ sọ ìyẹn fún ọkọ̀ mi.

Jẹ́jẹ́

Jẹ́jẹ́ lẹ sọ ọkọ̀ náà, ẹ kò sì purọ́, torí ewúrẹ́ tó mọ̀wà fún ara rẹ̀ á kọjá rẹ̀. Ó ti gbó kí ogun òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó tó ń ṣọ́ igbó ọba ló ni ín kó tó di tèmi, òun náà ló sì fi aago kékeré kan há iwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ìdí aago náà wọnú ẹ́ńjìnnì lọ. Àwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe ń pè é ní géèjì. Kì í sọ àkókò, kì í sì í sọ bí a ṣe ń sáré tó. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa atẹ́gùn sínú ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí ṣẹ̀sín. Bí ara ọkọ̀ bá le, tí a dúró, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, ọwọ́ aago náà á dúró lórí ogún tàbí níbi méjìdínlógún, kò ní mì. Bí a bá tẹ epo gun òkè, á wálẹ̀. Bí a bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á gòkè. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń já wálẹ̀ fìrí, tó ń padà, fìrí, tó tún ń padà, ẹ mọ̀ pé ọ̀kan nínú fáàfù, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, ti ń jó, kò lè pa dé mọ́. Mo ti fi gbogbo ayé mi wo ọwọ́ aago, mo mọ èyí tó ń purọ́. Èyí kì í purọ́. Aago èémí ni mo sọ ọ́.

Kí a tó kọjá oko tó gbẹ̀yìn ní Ìsẹ́yìn ni mo ti rí i tó ń já fìrí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò gbé ìyá mi lọ?

Ojú mi kò lè wà lójú ọ̀nà kó tún wà lára aago, mo bá fi aago lé ìyá mi lọ́wọ́. Ẹni tó fi ogójì ọdún ka igbá àti ìkòkò lọ́jà, kò sí òǹkà tó lè dà á láàmú. Bó ṣe di iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Ìyá, mélòó?"

"Mẹ́rìndínlógún. Ó ń fò bí ìrẹ̀."

"Mélòó báyìí?"

"Mẹ́sàn-án. Òkè là ń gùn, àbí o kò rí i ni?"

Mo ní kí a gba Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ ló yá jù. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Ìkòròdú ni ọkọ̀ ojú omi gbé òun àti bàbá mi dé lọ́jọ́ kìíní, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn lọ sókè. "Ọ̀nà tí mo gbà jáde ni màá gbà wọlé," ló wí. Agídí àgbà ni mo pè é. Mo yí sítíárìn sí ọ̀nà Ìkòròdú.

Èdè ìbínú

Nílé wa, bí inú bá bí ìyá mi gan-an, èdè kan wà tó máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí àwa ọmọ kì í gbọ́. A kì í dúró gbọ́ ọ náà, a máa ń sá ni. Ẹ wá wò mí bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ ní Ìkòròdú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí gbogbo ìlú ń sọ èdè ìbínú ìyá mi! Ìyá alákàrà ń sọ ọ́. Bàbá tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí ń sọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ti ń múra eré kó tó yé mi pé wọ́n ń kí wa káàbọ̀ ni. Mo bojú wo ìyá mi. Ó ń dá wọn lóhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò mọ̀ pé èèyàn lè fi èdè yẹn rẹ́rìn-ín.

Ará Òkè ni wọ́n sọ mí, láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ará Òkè, ẹ jókòó. Ará Òkè, ṣé ẹ lè jẹ gaàrí wa, ó kan díẹ̀. Díẹ̀ kẹ̀! Ojú mi méjèèjì pa dé nígbà tí mo tọ́ ọ wò, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Lọ́nà Ìtamágà la dé sí, lọ́dọ̀ ìyá opó kan tó gbà wá láìmọ̀ wá rí. Ó se ìkọ́kọrẹ́, iṣu ewùrà rírin tí wọ́n fi ẹja gbígbẹ àti epo sè di àsáró. Èmi jẹ ẹ́ bí àlejò, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá mi jẹ tirẹ̀ bí ọmọ ilé. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó gbé àwo òfìfo náà lé itan, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ fítà kan tó ń jẹ́ Adésànyà. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kàn jókòó síbi ìjókòó ìyá mi, ó tẹ́tí, ó wo ọwọ́ aago.

"Ará Òkè, ta ló fi kinní yìí sínú ọkọ̀ yín? Ọlọ́run yóò fún un ní ọ̀run rere. Fáàfù kan ti ń jó. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin, màá tú u, màá lọ̀ ọ́."

"Ọ̀gá, ẹni tí à ń lọ wò kò lè dúró fún ọjọ́ mẹ́rin."

Ó mi orí. "Ó lè gbé yín dé Ẹ̀pẹ́ bí ẹ kò bá fipá mú un. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ aago máa wà lókè mẹ́wàá. Bí òkè bá fẹ́ fà á wálẹ̀, ẹ rọra tẹ epo. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ mẹ́wàá, ẹ dúró kó sinmi."

Àwọn obìnrin tó ń ta gaàrí lẹ́bàá ibẹ̀ ti sún mọ́ wa. Wọ́n bi mí pé kí ni nǹkan róbótó yìí. Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́ bí wọ́n bá bi mí nípa aago. Mo ní aago èémí ni. Mo ní ó ń sọ bí èémí ṣe ń wọlé, bó ṣe ń dínkù, àti ìgbà tó bá fẹ́ tán. Háà, ni wọ́n ń wí. Mo fi inú dídùn lọ sùn.

Àwọn tó wá wọn ẹ̀mí

Nígbà tí mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkùukùu láti ọ̀sà ti bo gbogbo àgbàlá, àwọn èèyàn sì jókòó sínú rẹ̀. Mo ka mọ́kànlá. Wọ́n jókòó yí Jẹ́jẹ́ ká pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọn kò fọwọ́ kàn án. Bàbá arúgbó kan dìde, ó kí mi dáadáa, ó bèèrè bí mo ṣe jí.

"Ará Òkè," ló wí, "mo fẹ́ gbin orógbó. Ẹ mọ̀ pé orógbó kì í tètè so. Ẹ bá mi wò ó lára aago yín, bóyá màá dúró jẹ nínú rẹ̀."

"Bàbá, aago ọkọ̀ ni."

"Ẹ má fi pamọ́ fún wa, ọmọ mi. Wọ́n ti sọ ọ́ ní gbogbo àdúgbò. Aago ẹ̀mí ni."

Ẹ gbà mí! Èémí ni mo wí, ẹ̀mí ni wọ́n gbọ́. Ẹnu ará òkè ló fà á, tàbí etí ará ọ̀sà, n kò mọ̀. Mò ń ṣàlàyé, mò ń làágùn. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni wọ́n ń mi orí tó, bí ẹni tó mọ̀ pé oníṣẹ́ kì í sọ àṣírí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ló gbà mí. Ó jáde pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó sì fi èdè wọn sọ fún wọn pé ẹ̀mí wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, pé ọkọ̀ ọmọ òun ló ní ikọ́.

"Ẹ lọ gbin orógbó yín, Bàbá," ló wí. "Ẹni tó bá kù á jẹ ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bàbá náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò tètè lọ. Ó fi ojú kan aago náà láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó tún un wò, kó tó mú ọ̀pá rẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ti lọ sí Ẹ̀pẹ́ níwájú wa, àti pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá

Ọ̀nà tó gba Àgbówà, bí mo bá ní kí n sọ bó ṣe rí, ẹ ó ní mo sùn lọ ni. Bóyá mo sùn. Ìkùukùu kò tètè lọ. Igi ọ̀pẹ á yọ, á kọjá, òmíràn á yọ. A ń lọ pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀ débi pé mò ń gbọ́ ohùn ẹyẹ ju ohùn ẹ́ńjìnnì lọ. Ìyá mi ń ka aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tó ń fa tẹ̀sùbáà: mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Láàárín òǹkà, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní Rábí, ẹ̀gbọ́n òun, ló kọ́ òun láti lúwẹ̀ẹ́. Mẹ́tàlá. Ó ní lọ́jọ́ tí òun ń lọ, Rábí rìn wọnú omi títí omi fi dé àyà rẹ̀, ó di etí ọkọ̀ mú. Mẹ́rìnlá. Èmi kò mọ̀ pé ìyá mi lè lúwẹ̀ẹ́.

Ní Àgbówà, a dúró kí ọkọ̀ tutù. Òórùn gaàrí tí wọ́n ń yan ti gba gbogbo afẹ́fẹ́. Obìnrin kan fi ẹ̀gẹ́ tó ń bó sílẹ̀, ó gbé omi wá nínú agbè. Mo na ọwọ́ láti gbà á, ọ̀fun mi ti gbẹ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sídìí rédíétọ̀ ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ mu ná," ló wí.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Òkè kan wà lẹ́yìn ibẹ̀. Kò ga, ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn kò ní pè é ní òkè, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ mọ̀ ọ́n ní òkè. "Mẹ́wàá," ni ìyá mi wí. "Mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ, Làmídì." Ìró ẹ́ńjìnnì yí padà. Mo dúró. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fojú inú rí Rábíátù lórí ẹní rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ tó ń dúró dè wá, mo sì rí ara mi pẹ̀lú òkú ọkọ̀ nínú igbó. Kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ìyá mi ti ṣílẹ̀kùn, ó ti sọ̀kalẹ̀.

"Ìyá, níbo lẹ ń lọ?"

"Mò ń bá a dín ẹrù kù. Ẹsẹ̀ ni mo fi bá bàbá rẹ dé Ìsẹ́yìn. Kí ni òkè kékeré yìí?"

Ó gun òkè náà níwájú wa, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, nínú ìkùukùu. Èmi àti ọkọ̀ ń rá pálá tẹ̀lé e. Ìtìjú bò mí, síbẹ̀ n kò rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ aago dúró lórí mọ́kànlá títí ó fi dé òkè.

"O pẹ́"

Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ pàdé wa ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn náà omi, lẹ́yìn náà àwọn ilé. Wọ́n ti ń kírun Àsárì. Kò sẹ́ni tó fọ̀nà hàn wá. Ìyá mi kàn ń sọ pé yà síbí, yà síbí, bí ẹni tó kúrò níbẹ̀ lánàá, títí a fi dé iwájú ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà.

A bá Rábíátù láyé. Ó wà lórí ẹní, ó rù, ojú rẹ̀ ló tóbi jù lára rẹ̀. Ó wo ìyá mi láti ẹsẹ̀ dé orí.

"O pẹ́," ló wí.

"Ọ̀nà jìn ni," ni ìyá mi dáhùn.

Ìyá mi jókòó, ó gbé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé itan. Èmi jáde síta, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, àwọn apẹja tó ń kọjá sì ń kí mi pé kú ewu ọ̀nà.

Wọ́n tọ́jú mi ní Ẹ̀pẹ́ bí ẹyin. Ẹja láàárọ̀, ẹja lọ́sàn-án, ẹja lálẹ́. Eegun há mi lọ́fun lọ́jọ́ kìíní. Láti ìgbà náà, ọmọ Rábíátù obìnrin, àgbàlagbà tó ti lọ́mọ-ọmọ, jókòó tì mí ní gbogbo oúnjẹ, ó ń yọ eegun fún mi. Ó ní àwọn ará òkè, ẹni àánú ni wọ́n, ẹran ni wọ́n mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Rábíátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, pè mí sínú yàrá. Kò jẹun láti ìgbà tí a ti dé, omi ẹ̀kọ nìkan ló ń mu.

"Wọ́n ní o gbé aago ẹ̀mí wá."

"Ìyá Àgbà, ẹ má dá wọn lóhùn. Èémí ọkọ̀ ló ń wọ̀n."

"Mo gbọ́. Gbé mi lọ síbẹ̀."

Mo wo ìyá mi. Ìyá mi ní kí n gbé e. Mo gbé e, kò wúwo ju ìdì aṣọ lọ, mo gbé e jókòó síwájú aago náà. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn. Mo ta ẹ́ńjìnnì jí. Ọwọ́ aago fò sókè dé mẹ́rìndínlógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já fìrí, fìrí.

"Ó ń gbọ̀n," ni Ìyá Àgbà wí.

"Kinní kan ló ń jó nínú rẹ̀, mà."

"Èmi náà, kinní kan ń jó nínú mi." Ó wò ó pẹ́. "Síbẹ̀ ó gbé yín dé láti Ìsẹ́yìn."

"Ó gbé wa dé."

"Pa á, kí n rí i."

Mo pa á. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́, ọwọ́ aago sì sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́ dé òdo, ó sinmi síbẹ̀. A gbọ́ omi lára àwọn ọkọ̀ létí ọ̀sà. Ìyá Àgbà kò gbójú kúrò.

"Kò pariwo," ló wí.

"Kò pariwo, mà."

"Mo ti ń rò pé á pariwo." Ó mí kanlẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. "Gbé mi wọlé, ebi ń pa mí."

Ó jẹ ẹja lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ló ń yọ eegun rẹ̀.

Àbọ̀

Fítà kan ní Ẹ̀pẹ́ bá mi tú ẹ́ńjìnnì, ó lọ fáàfù náà, ó tò ó padà. Ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́rin bí Adésànyà ṣe wí. Nígbà tí a ta á jí, ọwọ́ aago gòkè dé ogún, ó dúró ṣinṣin bí ẹni tó ń kírun. Inú mi dùn débi pé mo sáré wọlé láti pe ìyá mi pé kó di ẹrù, ká máa lọ.

Àpótí rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ó ti kó gbogbo rẹ̀ jáde, ó sì ti tò ó sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo aṣọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò ku ọ̀kan ní Ìsẹ́yìn. Aṣọ funfun tó ti pa mọ́ fún ọjọ́ tí wọn yóò gbé e sin wà nísàlẹ̀ wọn.

Mo dúró. "Ìyá, àwa ń lọ sílé."

"Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko," ló wí. "Mo ti wálé, Làmídì."

"Ìsẹ́yìn ni ilé."

"Oko ni Ìsẹ́yìn. Oko tó dára ni, mo kórè rẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú."

Inú bí mi. Mo ní ó tàn mí jẹ, mo ní ìbá ṣe pé mo mọ̀, n kò ní wá. Kò bínú padà. Ó ní, "Mo ti sọ fún ọ pé ọ̀nà tí mo gbà jáde ni màá gbà wọlé. Èwo ni mo fi pamọ́ fún ọ?" Òótọ́ ni. Àlejò lójú, kò fi ríran. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bèèrè bí ara ọkọ̀ ṣe rí, n kò bèèrè tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó sìn mí dé etí ọ̀nà, ó sì fi èdè yẹn, èdè ìbínú yẹn, ṣàdúrà fún mi. Ní ìgbà yìí mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní Àgbówà, obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ gbé agbè rẹ̀ wá, ó fún àgbà lómi, ó wo inú ọkọ̀. "Ìyá dà?" ló bi mí. Mo ní wọ́n ti délé. Ó ní, "Ẹ kú oríire o."

Lórí òkè kékeré yẹn, kí n tó dé Àgbówà, ìkùukùu tún ti bo ọ̀nà, mi ò lè gbójú kúrò níwájú.

"Ìyá, mélòó?" ni mo wí.

Ẹ́ńjìnnì ń lọ jẹ́ẹ́. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo wò ó fúnra mi. Ogún ni. Kò mì rárá.